Ìwé Ìpolówó Idán Tí Màmá Mi Fi Pamọ́

Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ, aṣọ àti ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tó bá mọ̀ mí lè máa retí pé n óò sọ̀rọ̀ nípa ọbẹ̀ tàbí nípa bí a ti í yọ àbàwọ́n kúrò lára aṣọ. Ṣùgbọ́n lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìdílé wa ni mo gbé wá síwájú yín. Ó dá lórí bébà pélébé kan, áńkáṣífù pupa kan àti fọ́tò kékeré kan, tí màmá mi gbà lọ́wọ́ onídán nígbà tí ó wà ní ọmọdébìnrin ní Ìkàrẹ́ Àkókó. Eré idán náà ti mọ ògiri sí àárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí a tó bí mi, èmi náà sì dàgbà sí abẹ́ òjìji ògiri yẹn.

Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ọdún Kérésì bá dé, màmá mi a kó wa wọ ọkọ̀ láti Ìkàrẹ́, a ó gba Àkùngbá kọjá, a ó sì gun òkè lọ sí Ọ̀kà láti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí àwa ọmọ ń pè ní Màmá Ọ̀kà. Ìyá náà fẹ́ràn wa púpọ̀. Á gún iyán fún wa, á bu ẹran tó tóbi sí abọ́ wa, á sì fi ọwọ́ pa wá lórí. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé màmá mi kì í jẹun nínú ilé náà. Orí àga ìta ni ó máa ń jókòó sí, á ní òun ti jẹun kí òun tó kúrò nílé. Bí Màmá Ọ̀kà náà bá ní ohun í ṣe ní Ìkàrẹ́, kì í mu omi ilé wa. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wọn kì í jà, wọn kì í sì í bú ara wọn. Wọ́n kàn ń kí ara wọn bí àlejò ti í kí àlejò ni.

Mo ti tó ọmọ ọdún méjìlá kí ìbátan wa kan tó là á yé mi. Ó ní onídán kan ló wá ṣeré ní Ìkàrẹ́ nígbà tí màmá mi kò tíì lọ́kọ, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí, ó fi ayùn gé e sí méjì lójú gbogbo èrò ìwòran, ó sì tún un so pọ̀. Ó ní kò sí ẹni tí a lè gé sí méjì kí ó tún dìde rìn, àfi bí a bá fi ẹ̀mí ẹlòmíràn dí i. Ẹ̀mí tí wọ́n fi dí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilé ti ń sọ ọ́, ni ti àkọ́bí Màmá Ọ̀kà, ọmọ tí màmá mi ń bá a pọ̀n nígbà náà, tí ó sì kú lọ́dún yẹn. Nígbà tí màmá mi pẹ́ kí ó tó rí ọmọ bí, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n tún fà yọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó bí mi, wọ́n sì ní gbèsè ni ó ń san.

Ṣáájú Àjíǹde tó kọjá ni mo lọ bá màmá mi kó ẹrù yàrá rẹ̀ síta nítorí àwọn tó fẹ́ kun ilé. Ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀ ni mo ti rí agolo bisikíìtì kan tó ti dípẹtà. Mo ṣí i. Áńkáṣífù pupa kan tí ń dán ni ó fi wé bébà kan tí a ká ní mẹ́rin, àti fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun. Nínú fọ́tò náà, ọmọdébìnrin kan dùbúlẹ̀ nínú àpótí gígùn lórí ìtàgé, orí rẹ̀ yọ síta, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú sì dúró tì í pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́. Ọmọdébìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Èjí ẹnu rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé màmá mi ni.

Màmá mi rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Dá a padà síbi tí o ti rí i. Ẹjọ́ ló wà níbẹ̀.” Mo bi í pé ọdún wo ni eré náà wáyé. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ọdún tí ọmọ Ẹ̀gbọ́n mi kú ni. Ohun tí n kò mọ̀ mọ́ ni èwo ló ṣáájú èkejì. Bí wọ́n bá ti ń sọ nǹkan kan fún ènìyàn láti ogójì ọdún, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí rẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́.”

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Èwo ló ṣáájú, ikú ọmọ ni tàbí eré idán? Mo ronú pé bí n bá lè mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe eré náà, bóyá n óò lè bá àwọn ìyá méjì yìí wó ògiri kan. Mo bẹ màmá mi kí ó yá mi ní agolo náà. Kò fèsì, ṣùgbọ́n kò gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìwé ìpolówó ni bébà náà. Òkè rẹ̀ ti ya lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ ni “PROFESSOR”. Orúkọ onídán fúnra rẹ̀ ti bá ibi tó ya lọ. Ó sọ pé eré yóò wáyé ní Ìkàrẹ́ ní Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kẹrin, ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Àgbàlagbà yóò san kọ́bọ̀ 50, akẹ́kọ̀ọ́ yóò san kọ́bọ̀ 20. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé wà, ní lẹ́tà wínníwínní: Ìkàrẹ́ Àkókó, Western State. Kò sí ọdún níbì kankan lórí rẹ̀.

Gbogbo ẹni tí mo kọ́kọ́ fi bébà náà hàn ló dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀ kan náà pé, “Peller ni!” N kò bá wọn wí. Ta ni kò mọ Professor Peller? Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọdún 1941 ni wọ́n bí i, ó lọ kọ́ idán pípa ní Íńdíà, ó sì ṣe eré ní Federal Palace Hotel ní Èkó lọ́dún 1966. Òun àti aya rẹ̀, tí ayé ń pè ní Lady Peller, ni wọ́n jọ ń wà lórí ìtàgé. Òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo Nàìjíríà kí àwọn apànìyàn tó pa á ní Èkó lọ́dún 1997. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí fún ẹni tó bá ń tọpasẹ̀ ohun àtijọ́: orúkọ ńlá a máa fa gbogbo ìtàn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan ló ni oyè “Professor” láàárín àwọn onídán. Láyé àtijọ́ pàápàá, John Henry Anderson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ìtàgé ní ohun tó ju àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn lọ. Bébà tí oyè nìkan kù lórí rẹ̀ kò lè sọ ẹni tó ni ín fún wa. Mo fi ọ̀rọ̀ orúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ ni mo ń wá.

Owó ni mo kọ́kọ́ bi léèrè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀. Bébà tí wọ́n tẹ kọ́bọ̀ 50 sí lára kò lè ti pẹ́ ju ọjọ́ náà lọ. Bébà ni mo ń sọ o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn Yorùbá ti ń pe pẹ́nì ní kọ́bọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí náírà tó dé. Nígbà tí náírà sì dé tán, àwọn ìyá wa ṣì ń pe kọ́bọ̀ 5 ní sísì, wọ́n sì ń pe kọ́bọ̀ 10 ní ṣílè. Bí ìyá àgbà kan bá sọ fún yín pé ṣílè márùn-ún ni òun san wọlé, ó lè jẹ́ ṣáájú 1973, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ni kí ẹ gbára lé.

Ẹlẹ́rìí kejì ni orúkọ ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni ìjọba ológun Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá, tí ilẹ̀ wa wá di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Western State. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí mẹ́ta, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, Àkókó sì bọ́ sínú Oǹdó. Nítorí náà, àárín 1967 sí 1976 ni àdírẹ́sì yẹn bá mu. Síbẹ̀, òǹtẹ̀wé lè máa lo àdírẹ́sì àtijọ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ti yí i padà. Ìdí nìyí tí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kò fi tó.

Ẹlẹ́rìí kẹta ló wá dájọ́. Bébà náà ní Sátidé ni ogúnjọ́ oṣù kẹrin. Ẹ ó ti kíyè sí i pé ọjọ́ tí a bí yín kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ lọ́dọọdún. Ọjọ́ kan ni ó máa ń fò síwájú lọ́dún kan, a sì fò méjì bí oṣù kejì ọdún tó ní ọjọ́ 29 bá wà láàárín. Mo ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, mo sì tún ṣí kàlẹ́ńdà inú fóònù mi sẹ́yìn láti fi wò ó. Ogúnjọ́ oṣù kẹrin bọ́ sí Sátidé lọ́dún 1968. Kò tún bọ́ sí i mọ́ títí di ọdún 1974. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di 1985. Kò lè jẹ́ 1968, nítorí pé a kò tíì ní kọ́bọ̀ tí a lè tẹ̀ sórí ìwé nígbà náà, màmá mi kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Kò lè jẹ́ 1985, nítorí pé Oǹdó ti dá dúró láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọmọdébìnrin inú fọ́tò ìbá sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 1974 ni. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà ni Àjíǹde bọ́ sí lọ́dún yẹn, nítorí náà ọ̀sẹ̀ Àjíǹde gan-an ni wọ́n ṣe eré náà.

Mo wá yẹ áńkáṣífù wò, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Màmá mi gbà pé sílíìkì láti Íńdíà ni. Mo fa fọ́nrán òwú kan ṣoṣo yọ létí rẹ̀, mo fi ohun ìfá-irun di í mú, mo sì sún un mọ́ iná àbẹ́là. Òwú gidi a máa jó bíi bébà, eérú rẹ̀ a sì fúyẹ́. Sílíìkì a máa rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ a sì fọ́ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù àti irú aṣọ bẹ́ẹ̀ a máa súnkì, á yọ́, á sì di kóró líle. Fọ́nrán ti màmá mi yọ́, ó sì di kóró. Èyí kò fi nǹkan kan kún ọjọ́ tí mo ti rí, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé kò sí ohun abàmì kan tó wá láti òkèèrè nínú agolo náà. Aṣọ ọjà lásán ni.

Nígbà tí mo sọ ọjọ́ náà fún màmá mi, ó jókòó. Ìgbà yẹn ni ó tó la ẹnu. Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ní Ọ̀kà ni òun ń gbé nígbà náà, tí òun ń lọ sí ilé-ìwé, tí òun sì ń bá a tọ́jú ọmọ. Nígbà tí ọmọ náà kú, wọ́n dá òun padà sí Ìkàrẹ́. Nínú ìsinmi Àjíǹde, àwọn ọmọ ẹ̀yìn onídán wá sí àdúgbò ní ọ̀sán ọjọ́ eré, wọ́n ń wá ọmọbìnrin tí kò sanra, nítorí pé ẹni tó máa ń bá ọ̀gá wọn wọ àpótí kò lè wá. Wọ́n kọ́ òun ní ohun tí òun yóò ṣe fún wákàtí mélòó kan. Wọ́n ní kí òun búra pé òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún òun ní náírà kan, fọ́tò àti áńkáṣífù.

Mo bi í pé, “Ẹ wá ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ yìí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ kò sì lè sọ fún wọn pé ọgbọ́n ojú ni?” Ó ní, “Mo ti búra. Bí n bá ní wọn kò gé mi, wọn yóò ní kí n sọ bí wọ́n ti ṣe é. Bí n kò bá sọ ọ́, irọ́ ni mo pa nìyẹn. Mo wá dákẹ́.” Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ará Àkókó nìkan ni irú eré yìí ti dẹ́rù bà. P. T. Selbit ló kọ́kọ́ fi ayùn gé obìnrin nínú àpótí lójú èrò ní London lọ́dún 1921, láti ìgbà náà ni àwọn onídán káàkiri ayé sì ti ń ṣe é. Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, onídán ọmọ Íńdíà kan, P. C. Sorcar, gé ọmọbìnrin kan lórí tẹlifíṣọ̀n BBC. Àkókò ètò náà tán kí wọ́n tó fi hàn pé ọmọbìnrin náà wà láàyè, bí àwọn ará Bìrìtéènì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilé-iṣẹ́ náà láago nìyẹn, nítorí wọ́n rò pé wọ́n ti pa ènìyàn lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwa Yorùbá ti mọ idán tipẹ́. Ní ọdún 1826, nígbà tí Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland arìnrìn-àjò, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn eégún onídán ṣeré níwájú Aláàfin: ọ̀kan di ère tí ń wọ́ nílẹ̀, òmíràn sì di òyìnbó. Àwọn tó ń wò wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ sílé wọn. Kò sí ohun tó burú nínú idán. Ìbànújẹ́ tó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù ló bà á jẹ́ nílé wa.

Mo mú bébà náà, mo gun òkè lọ sí Ọ̀kà ní Sátidé kan. Màmá mi kọ̀, kò bá mi lọ. Lẹ́yìn tí mo ti kúnlẹ̀ kí Màmá Ọ̀kà, tí a sì ti jẹun tán, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ohun ìrántí kankan kù lára ọmọ yín àkọ́kọ́?” Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó dìde, ó sì gbé Bíbélì ọkọ rẹ̀ jáde. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀, ó ti di olóògbé láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú Bíbélì náà ni káàdì ọmọ wà, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ya ìlà ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù.

Mo mọ káàdì náà, nítorí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Nílé wa níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dókítà David Morley ló ṣe é nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé, kí ó tó tàn ká ayé. Àmì ìwọ̀n ọmọ náà ń gòkè dáadáa títí di ìparí ọdún 1973. Ní oṣù kejì ọdún 1974, ó já wálẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì kọ orúkọ àrùn èéyi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí àmì mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Nínú Bíbélì, lórí ojú ewé tí kò ní nǹkan kan, ọkọ rẹ̀ ti kọ ọ́ pé wọ́n bí ọmọ náà ní 9-1-73, ó sì kú ní 6-3-74.

Mo tẹ́ ìwé ìpolówó náà sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì. Mo ní, “Màmá, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ni ọmọ yín lọ. Ogúnjọ́ oṣù kẹrin ni onídán wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ mẹ́ta ni ó wà láàárín wọn. Ọmọ yín ti lọ kí onídán tó dé.”

Ìyá náà kò mọ̀wé, nítorí náà n kò retí pé kí ó gba ohun tí mo kà sí i gbọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó bi mí pé, “Ìgbà Àjíǹde ni onídán wá, àbí?” Mo ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde gan-an ni. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó ní, “N kò jáde lọ́jọ́ Àjíǹde ọdún náà. Wọ́n wá pè mí, mo ní n kò lè lọ. Aṣọ dúdú ni mo wọ̀, ọmú mi ṣì ń ṣomi.” Ó tún dákẹ́. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé, “Mo ti ń ṣọ̀fọ̀ nígbà náà.”

Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ó gbé ojú sókè, ó ní, “Bí kì í bá ṣe onídán, ta ni ó mú ọmọ mi lọ? Ta ni mo fẹ́ bú?” Mo ṣe àlàyé fún un pé èéyi ló pa á, pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn náà máa ń jà jù, pé ọdún 1979 ni ètò àjẹsára fún gbogbo ọmọ wẹ́wẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, àti pé àìmọye ìyá ló sọ ọmọ nù bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe wọ́n ní ibi. Ó ní, “Èéyi? Èéyi lásán?” Ó sunkún. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí mo rí i pé ọ̀tá kan tí ó ti ń bínú sí fún àádọ́ta ọdún ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ní nǹkan kan tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ó nu ojú tán, ó ní, “Àbúrò mi ló pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ, tó sì bọ̀, nínú oòrùn, nítorí pé èmi náà wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.” Ó ní kí n pe màmá mi lórí fóònù.

Mo pè é, mo sì gbé fóònù sí etí Màmá Ọ̀kà. Wọ́n kí ara wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni Màmá Ọ̀kà ní, “Wọ́n ní wọ́n fi ayùn gé ọ. Ṣé ó dùn ọ́?”

Láti ọdún 1974, kò sí ẹni tó bi màmá mi ní ìbéèrè yẹn rí, èmi náà kò bi í. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù: “Rárá o, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kò fi nǹkan kan kàn mí. Mo kàn ká ẹsẹ̀ mi jọ ni.”

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin, ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá rí ìwé ìpolówó eré, tíkẹ́ẹ̀tì, fọ́tò tàbí káàdì àtijọ́ nínú ẹrù àwọn òbí yín, ẹ má ṣe dà á sí iná. Ẹ má fi téèpù lẹ ibi tó ya, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa sọ bébà di pupa rúsúrúsú. Ẹ má sì ṣe fi ike bò ó pa, nítorí kò ní ṣeé ṣí mọ́. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tó fi kan fọ́tò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni kí ẹ ti mú un. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má lo bírò. Ẹ fi sínú àpò-ìwé tó mọ́, níbi tí oòrùn, ọ̀rinrin àti ikán kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí káńfọ̀ fara kan án. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n wà láàyè, kí ẹ sì fi ohun tí wọ́n bá sọ wé ohun tó wà lórí ìwé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti ilé wa kì í ṣe irọ́, àṣìṣe ni. Òun náà sì rìn títí kí òtítọ́ tó bá a.

Lóṣù tó kọjá, màmá mi bá mi lọ sí Ọ̀kà. Kò jókòó síta. Màmá Ọ̀kà gún iyán, ó sì bù ú sínú abọ́ kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì. Ìwé ìpolówó àti áńkáṣífù ti wà nínú Bíbélì yẹn báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì ọmọ. Màmá Ọ̀kà ló ní kí wọ́n jọ wà níbẹ̀.